Yíyọ́, Ṣíṣàn àti Kíki: Bí Àpáta Ṣe Ń Rìn Nínú Ọgbun Ilẹ̀

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa àpáta tí ó yọ́ nínú ilẹ̀. Èsì mi kò gùn. Bí a bá fẹ́ kí èdè Yorùbá di èdè tí a lè fi kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ojúṣe àwa tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ni láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, kí a mọ èyí tí ó ń lani lóye àti èyí tí ó ń ṣini lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀: yọ́, ṣàn àti ki. Kò sí ẹni tí ó ń dáná ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n. Òrí a máa yọ́ nínú oòrùn. Ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ pọ̀ a máa ṣàn. Ẹ̀kọ tí a kò bomi là a máa ki. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí ó gbóná lè má yọ́, ohun tí kò yọ́ lè máa ṣàn, ohun tí ó sì ti yọ́ lè ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè ṣàn. Ẹni tí ó bá da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ní lóye inú ilẹ̀. Kò sì ní mọ ìdí tí òkè kan fi ń pa ènìyàn ní ọ̀nà kan, tí òmíràn sì ń pa ènìyàn ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá.

2. Ilẹ̀ kò léfòó lórí òkun iná

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí dà bí igbá tí ó léfòó lórí òkun àpáta yíyọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6,371 kìlómítà. Ihò tí ó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn gbẹ́, èyí tí ó wà ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, 12,262 mítà péré ni ó dé ní ọdún 1989. Bí ẹni tí ó fi èékánná họ èèpo ìbẹ́pẹ ni. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Báwo ni a ṣe wá mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀? Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó sọ fún wa. Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì méjì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èkínní ń tì, ó sì ń fà. Ó lè gba inú ohun líle àti inú ohun olómi kọjá. Èkejì ń mì sọ́tùn-ún sósì. Kò lè gba inú ohun olómi kọjá rárá. Richard Oldham fi àkọsílẹ̀ àwọn ìgbì wọ̀nyí fi hàn ní ọdún 1906 pé ilẹ̀ ní kóró. Harold Jeffreys fi hàn ní 1926 pé kóró náà jẹ́ olómi. Ní 1936, Inge Lehmann, obìnrin onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì, ṣàlàyé pé kóró líle mìíràn tún wà nínú kóró olómi náà.

Ní kúkúrú, ìpele mẹ́rin ni a rí. Èèpo ilẹ̀ ni ó wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele àárín, tí ó dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà. Kóró òde, tí ó jẹ́ irin yíyọ́, tẹ̀ lé e títí dé nǹkan bí 5,150 kìlómítà. Kóró inú, tí ó le, ni ó sì gbẹ̀yìn. Ẹ ṣàkíyèsí ìpele àárín yìí, nítorí òun ni orísun àpáta yíyọ́ tí àwọn òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde. Ìgbì kejì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun líle ni, kì í ṣe òkun.

3. Iṣẹ́ ìfúnpọ̀

Kí ló dé tí ohun tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò fi yọ́? Ìfúnpọ̀ ni. Mo ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún agbára tí ẹrù ń fi ń tẹ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti gbogbo ìhà tí kò fi ráyè fẹ̀. Ní ìjìnlẹ̀ 100 kìlómítà, ìfúnpọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa níhìn-ín. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀, ó lé ní ìlọ́po 3,500,000. Kí ohun kan tó yọ́, àwọn èérún tí ó so pọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè tú ara wọn sílẹ̀. Ìfúnpọ̀ kì í fún wọn láyè. Àpáta tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní nǹkan bí 1,100 dígírì ní ojú ilẹ̀ yóò nílò nǹkan bí 1,500 dígírì ní ìjìnlẹ̀ 100 kìlómítà. Ìdí kan náà ni kóró inú fi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbóná ju kóró òde lọ.

Síbẹ̀, líle yìí kò ní kí ó má rìn. Ẹ wo irin nínú iná alágbẹ̀dẹ: ó pọ́n, kò yọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba òòlù. Ní ìhà àríwá Yúróòpù, yìnyín tí ó nípọn ju kìlómítà kan lọ tẹ ilẹ̀ Súwídìn àti Fínlándì mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Yìnyín náà ti yọ́ láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tíì gbéra tán. Ní àwọn ibi kan ó ṣì ń ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dọọdún, nítorí pé àpáta ìsàlẹ̀ ń ṣàn padà sí àyè rẹ̀. Ní 1935, Norman Haskell fi gbígbéra yìí ṣírò bí àpáta náà ti ki tó. Àpáta tí kò yọ́ ni, ó sì ń ṣàn.

Nígbà tí irú àpáta bẹ́ẹ̀ bá ń gòkè, ẹrù orí rẹ̀ ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìgbóná rẹ̀ kì í dín púpọ̀. Yóò dé ibi tí ìfúnpọ̀ kò ti lè dè é mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Kò sí ẹni tí ó koná mọ́ ọn. Ẹrù tí ó fúyẹ́ ni ó yọ́ ọ. Báyìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àárín òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà mìíràn ni omi: níbi tí ilẹ̀ abẹ́ òkun bá ti rì wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn, omi tí ó bá a wọlé ń mú kí àpáta gbígbóná tètè yọ́.

Kì í ṣe gbogbo àpáta náà ni ó ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ ni, láàárín hóró kan sí èkejì. Gẹ́gẹ́ bí epo ti ń jáde láti inú ìháhá ẹyìn nígbà tí a bá fún un, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó yọ́ ń yọ́ jáde láàárín hóró, tí ó ń para pọ̀, tí ó sì ń gòkè nítorí pé ó fúyẹ́ ju àpáta tí ó yí i ká. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní mágímà nígbà tí ó bá wà nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní láfà nígbà tí ó bá jáde.

4. Ohun tí ń mú un ki àti ohun tí ń mú un ṣàn

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Èkínní ni ìgbóná: bí ó ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣàn sí i. Èkejì ni sílíkà, èròjà tí ó pọ̀ nínú yanrìn. Sílíkà a máa so mọ́ sílíkà bí okùn àwọ̀n. Bí ó bá pọ̀, mágímà yóò ki. Ẹ̀kẹta ni omi, tí ó ń já okùn àwọ̀n náà, tí ó sì ń jẹ́ kí mágímà ṣàn.

Ìfúnpọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ó gbọ́dọ̀ mú un ki ni. Ní ọdún 1976, Ikuo Kushiro, onímọ̀ ará Jàpáànù, tẹ àpáta yíyọ́ kan tí sílíkà rẹ̀ pọ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ó sì wo bí hóró róbótó ti ń yára rì sínú rẹ̀ sí. Bí ìfúnpọ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni hóró náà ń yára rì sí i. Ìfúnpọ̀ ń tẹ àwọn okùn àwọ̀n náà kọ́rọkọ̀rọ, wọ́n sì ń tètè já. Àpáta yíyọ́ tí sílíkà rẹ̀ kéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnpọ̀ ń mú un ki sí i ni. Ohun kan náà ni a fi tẹ̀ wọ́n, ìwà wọn yàtọ̀.

Ìfúnpọ̀ tún ń há gáàsì àti omi mọ́ inú mágímà, gẹ́gẹ́ bí ìdérí ti ń há gáàsì mọ́ inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí mágímà bá ń gòkè, tí ìfúnpọ̀ ń dín kù, gáàsì yóò hó jáde. Bí mágímà bá ṣàn, gáàsì yóò rí ọ̀nà gbà. Bí ó bá ki, gáàsì yóò há, títí yóò fi bú.

5. Ìlú méjì

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù May 1902, òkè Pelée ní erékùṣù Martinique bú. Àpáta rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí omi abẹ́ ilẹ̀ yọ́. Sílíkà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 60 nínú 100, ó ki, gáàsì sì há sínú rẹ̀. Kì í ṣe láfà ni ó pa ìlú Saint-Pierre run. Ìkùukùu gáàsì gbígbóná àti eérú ni ó ya wọ ìlú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan bí 28,000 ènìyàn sì kú.

Ní ilẹ̀ Kóńgò, òkè Nyiragongo yàtọ̀. Sílíkà láfà rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 nínú 100, ó sì ṣàn bí omi ọbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù January 1977, ìwúwo adágún láfà tí ó wà lórí rẹ̀ la ẹ̀gbẹ́ òkè náà, adágún náà sì gbẹ kí wákàtí kan tó pé. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé láfà náà sáré tó 60 kìlómítà ní wákàtí kan ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ sá kò lè yọ. Ní January 2002, láfà rẹ̀ wọ ìgboro Goma, àwọn tí ó di aláìnílé sì lé ní 100,000. Ó tún bú ní May 2021.

Ẹni tí ó ń gbé lẹ́bàá òkè tí àpáta rẹ̀ ki gbọ́dọ̀ kúrò kí òkè tó bú. Ẹni tí ó ń gbé lẹ́bàá èyí tí ó ń ṣàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbà. Bí a bá sọ fún àwọn méjèèjì pé “iná ń bọ̀ láti inú ilẹ̀”, a kò tíì sọ ohun tí yóò gbà wọ́n là.

6. Àpáta tiwa

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ilé. Àwọn àpáta gàgàrà tí ó wà ní Ìdànrè jẹ́ àpáta yíyọ́ rí. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ó gòkè láti ìsàlẹ̀ wá. Ó ki, kò sì dé ojú ilẹ̀. Ó dúró nínú ilẹ̀, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀. Nítorí tí kò yára tutù, àwọn hóró inú rẹ̀ ráyè dàgbà, débi pé a lè fi ojú lásán rí wọn títí di òní. Òjò àti ọ̀gbàrá ni ó wá wẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ tí ó fi yọ síta. A kò ní òkè ayọnáyèéfín ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun òkè náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí ó ti wà nínú ọgbun rí.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ń sọ bọ̀ ni pé gbígbóná kọ́ ni yíyọ́, yíyọ́ kọ́ sì ni ṣíṣàn. Ìfúnpọ̀ ni ó ń dè, òun náà sì ni ó ń tú sílẹ̀ nígbà tí ó bá dín kù. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè wa pé kí ẹ fi “òkun iná” sílẹ̀ fún àwọn onítàn àròsọ. Ẹ kọ ọ́ pé ìpele àárín ilẹ̀ jẹ́ àpáta gbígbóná tí kò yọ́, tí ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń yọ́ nígbà tí ìfúnpọ̀ bá dín tàbí tí omi bá kàn án. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a nílò fún gbólóhùn yẹn ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa nídìí ààrò. Ìlò tí ó péye ni ó kù sí wa lọ́wọ́.