Àwọn ayàwòrán tó gba ilé là ní Houston

Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ wo Rick Lowe níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ìyà tó ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ni Lowe ń yà sínú àwòrán ńláńlá nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wo àwòrán wọ̀nyẹn títí, ó ní ohun tí wọ́n ń fi hàn kò ṣàjèjì sí àwọn, inú rẹ̀ làwọn ń gbé. Bí Lowe bá jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, ṣé kò lè dá ọgbọ́n kan tí yóò mú ìyà náà fúyẹ́ ni? Lowe ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló lé e jáde kúrò nínú yàrá iṣẹ́.

Ibi tó lé e dé ni òpópónà Holman ní Third Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti pẹ́ ní Houston. Ilé kéékèèké 22 tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ fún àwọn ayálégbé láti àwọn ọdún 1930. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé wọn, igbó ti bo ẹ̀yìnkùlé, àwọn kan sì ń wò wọ́n bí ohun tó yẹ kí katakata wó lulẹ̀. Ní 1993, Lowe àti àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́fà mìíràn, James Bettison, Bert Long, Jesse Lott, Floyd Newsum, Bert Samples àti George Smith, dáwọ́ lé àwọn ilé náà. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Project Row Houses.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí, kó fara balẹ̀ wo irú ilé tí wọ́n jẹ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn yàrá kejì, kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kọjú síra, débi pé èèyàn lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa wo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ilé shotgun. Wọ́n ní béèyàn bá yìnbọn láti iwájú, ọta á gba ẹ̀yìn jáde láìkan ògiri. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ ilé náà nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1976: láti New Orleans padà sí Haiti, láti Haiti padà sí ilé oníyàrá méjì ti ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọ́kàn sọdá òkun. John Biggers, ayàwòrán àgbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Texas Southern ní Third Ward yìí kan náà, rìnrìn àjò lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1957, ó sì dé Nàìjíríà. Nínú àwòrán rẹ̀ tó ń jẹ́ Shotguns, àwọn obìnrin dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ilé kékeré lọ́wọ́. Lowe kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Biggers. Ó ti mọ iyì ilé yẹn kó tó dé òpópónà Holman.

Ìgbálẹ̀ àti òòlù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù àti àwọn ará àdúgbò jọ gbá ilé, wọ́n kan pákó, wọ́n kùn ún. Wọ́n ya àwọn ilé kan sọ́tọ̀ fún ọnà: wọ́n á gbé odindi ilé lé oníṣẹ́ ọnà kan lọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan, kó fi dá àrà tó bá wù ú, ará àdúgbò á sì wọlé wò ó. Láti 1996 ni wọ́n ti ń fi àwọn ilé mìíràn gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń dá tọ́mọ, kí wọ́n lè ráyè parí ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tó di 2003, wọ́n dá Row House CDC sílẹ̀ láti máa kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ní yunifásítì Rice bá wọn ya ilé tuntun. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i, wọ́n sì jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àtijọ́.

Ọnà ló ṣáájú ilé ní Third Ward. Níbi púpọ̀, ilé ni wọ́n á kọ́ tán, tí ọ̀dà á ti gbẹ, kí wọ́n tó rántí oníṣẹ́ ọnà. Owó kọ́ ni ìṣòro gan-an. Láti 1959 ni àjọ tó ń tún ìlú Philadelphia ṣe ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkọ́lé sọ́tọ̀ fún ọnà, ọ̀pọ̀ ìlú sì ti tẹ̀ lé e. Bí ilé bá gba mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là ni ti ọnà nìyẹn.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń yan ọnà náà. Bó bá jẹ́ pé inú ọ́fíìsì ni agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mú àwòrán, ère kan á ṣàdédé yọ ní àgbàlá, àwọn ayálégbé á máa bi ara wọn léèrè pé ta ló gbé e síbẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìgbìmọ̀ tí yóò yan oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ ní ayálégbé nínú, kí wọ́n sì pọ̀ tó tí ìbò wọn á fi rinlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n mú wá jókòó láti fi ya fọ́tò kò tó. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kó wọ ilé náà, ṣebí àwọn ará àdúgbò wà níbẹ̀. Kí wọ́n sanwó fún oníṣẹ́ ọnà fún gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi jókòó ti àwọn èèyàn láti gbọ́ tẹnu wọn, torí iṣẹ́ nìyẹn náà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹni tí yóò máa tún un kùn nígbà tí òjò àti oòrùn bá ti mú kó ṣá.

Àwọn kan á ní báwo ni ará àdúgbò tí kì í ṣe ayàwòrán ṣe fẹ́ lọ́wọ́ sí àwòrán tó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Ètò Mural Arts ti Philadelphia, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 láti fi àwòrán yíyà gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìkọkúkọ sára ògiri, ti rí ọgbọ́n sí i. Aṣọ fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ párásúùtì ni wọ́n ń lò. Ayàwòrán á fa ìlà sórí rẹ̀, á kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn náà á sì wà lára ike ọ̀dà. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ọmọ ọdún méje á máa kun ojú kan, ìyá àgbà tí kò lè gun àkàsọ̀ á jókòó sórí àga, á máa kun òmíràn. Bó bá gbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ojú ibi tí aṣọ ti pàdé aṣọ kì í sì í hàn. Ọmọ yẹn á máa bá ibẹ̀ kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́, á máa nawọ́ sí ibi tó kùn.

Ní àdúgbò Granby ní Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ṣófo lẹ́yìn rògbòdìyàn tó wáyé níbẹ̀ ní 1981, wọ́n sì wó àwọn mìíràn. Àwọn tó ṣẹ́ kù gbin òdòdó síwájú ilé, wọ́n kun ojú fèrèsé tí wọ́n fi pákó dí. Ní 2011, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa di ilẹ̀ mú lórúkọ ará àdúgbò, wọ́n sì bá Assemble, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé, ṣiṣẹ́ lórí ilé mẹ́wàá. Wọ́n fọ́ àwókù bíríkì ilé tó ti wó, wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n dà á sí móòdù, wọ́n ha á títí ó fi dán. Ó di férémù ibi tí wọ́n ti ń dáná yá nínú pálọ̀, tí èérún bíríkì àtijọ́ ń yọjú lára rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà Turner Prize ní 2015.

Ewu kan wà nínú irú iṣẹ́ yìí ṣá o. Àdúgbò tó bá ti rẹwà a máa wọ olówó lójú. Third Ward sún mọ́ àárín ìlú Houston, owó ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń lọ sókè, ó ń lé àwọn tí baba wọn gbé ibẹ̀ jáde. Àwòrán kò lè dá èyí dúró, àfi kí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní àdúgbò náà: ní 1872, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú dá dọ́là 800 jọ, wọ́n fi ra sarè ilẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n á ti máa ṣàjọ̀dún òmìnira wọn, ó sì di ọgbà Emancipation Park.

Eldorado Ballroom, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1939, kọjú sí ọgbà náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú Houston máa ń múra lọ jó síbẹ̀ nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ti àwọn òyìnbó. Wọ́n fi ta Project Row Houses lọ́rẹ ní 1999. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2023, orin tún ń dún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.