Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Níwájú Pátákó Funfun

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kù díẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ò tíì lọ, àwọn tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn sì ti dé. Gbogbo wọn kóra jọ síwájú pátákó funfun kan lẹ́bàá yàrá oògùn, àwọn dókítà, apòògùn àti obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù náà sì wà láàárín wọn. Kò sí àga níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gùn.

Huddle ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 24 tó kọjá? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ ní wákàtí 24 tó ń bọ̀? Ta ni ọkàn wa ò balẹ̀ nípa rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń darí ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ní bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lóru. Kí ẹnì kan máa bá wọn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn aláìsàn méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí apòògùn ṣe gbọ́ èyí, ó ta kìjí: ọ̀kan nínú wọn ń gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún èkejì lọ́la. Kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n sì fi pupa yí orúkọ méjèèjì ká. Irú nǹkan báyìí ló ń pa aláìsàn lára: orúkọ tó jọra, ìgò tó jọra, ẹni tó rò pé ẹlòmíì ti sọ ọ́.

Máàkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń jẹ́ Royal College of Physicians ló tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 2017: wọ́n ń wo èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara àtàwọn nǹkan mìíràn, wọ́n á ro wọ́n pọ̀. Tó bá di 5, kí dókítà tètè wá; tó bá di 7, pàjáwìrì ni. Máàkì 2 péré ni ìyá àgbà orí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ní. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, òun ló kéré jù níbẹ̀, lanu sọ̀rọ̀: “Ìyá yẹn ò fẹnu kan tíì wọn láàárọ̀ yìí. Wọn kì í fi tíì sílẹ̀.” Dókítà àgbà ní ọ̀dọ̀ ìyá náà lòun máa kọ́kọ́ lọ.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìpàdé yìí ti ń gbẹ̀mí là. Máàkì ò mọ̀ pé ìyá náà fẹ́ràn tíì.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ àṣà huddle yìí di mímọ̀. Ní 2014, ilé ìwòsàn méjìlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní wọ́ọ̀dù ọmọdé wọn.

Nílé ìwòsàn tí mo wà yìí, ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára wọ́ọ̀dù lọ, nọ́ọ̀sì àgbà á gbé e lọ síbi tí àwọn olórí wọ́ọ̀dù gbogbo ti ń pàdé. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka pàjáwìrì ti kún. Wọ́n bi ara wọn léèrè bẹ́ẹ̀dì tó máa ṣófo kí ó tó di ọ̀sán. Obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ ti sọ pé omi ń jò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti aago tó gbọ́dọ̀ parí sílẹ̀. Níbi tí wọn ò bá ti ń ṣe èyí, àwọn òṣìṣẹ́ á sọ ọ́ sọ ọ́, á sú wọn, wọ́n á panu mọ́.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, mo bi nọ́ọ̀sì àgbà náà bóyá irú èyí ṣeé ṣe nílé.

“Kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́? Pátákó àti kálàmù ni,” ó dá mi lóhùn. “Àmọ́ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé, tí n bá sọ fún ọ̀gá dókítà pé ọkàn mi ò balẹ̀ nípa aláìsàn kan, wọ́n á ní ta ló bi mí. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé kí àwọn ọ̀gá máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ní gbogbo nǹkan dáa, ta ló máa ní kò dáa?”