Owó-Orí Ilé: Ta Ni A Ń San Án Fún, Ta Ni Yóò sì San Án?

Bí bàbá bá ti kú, orúkọ rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí ìwé owó-orí ilé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá mi ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé méjì wà lókè, àwa ọmọ sì ti tú ká sí Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ́nù. Gbogbo wa la ni ilé. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ka ìwé náà sí tirẹ̀. Ewúrẹ́ ẹlẹ́ni púpọ̀, ebi ní í pa á kú.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́wọ́. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń san.

Ta ló ni ẹ̀tọ́?

Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi iṣẹ́ dídíyelé ilé aládàáni lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń là á kalẹ̀ bí wọn yóò ṣe gba owó rẹ̀. Èyí ni tenement rate. Ní 1998, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ kan láti Kánò pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ náà mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní tiwa, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú ni, Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni olú-ìlú rẹ̀.

Owó ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó gba ìwé C of O ń san owó ilẹ̀ fún ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti pa irú owó wọ̀nyí pọ̀. Èkó ṣe é ní 2001, ó pè é ní Land Use Charge. Ògùn náà ní Land Use and Amenities Charge. Bí ìwé méjì bá dé lọ́dún kan náà, ẹ béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún kí ẹ tó sanwó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Tenement rate kì í wo iye tí ilé yóò tà, bí kò ṣe iye tí ó lè mú wọlé lọ́dún bí a bá fi háyà. Ká ní wọ́n díye lé e ní 200,000 náírà, tí wọ́n sì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 20,000 náírà ni ẹ ó san. Nítorí náà, ẹ ka yàrá tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú ilé. Bí ìwé bá ṣì ń ka ṣọ́ọ̀bù tó ti wó, ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀hónú lákòókò.

Ní Èkó, iye ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ ń san ìwọ̀n tó kéré sí ti ẹni tó ń fi ilé háyà. Nígbà tí owó náà fò sókè ní 2018, àwọn onílé fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dín in kù. Wọ́n tún dín in kù ní 2020.

Ta ni yóò san án?

Ní ilé wa, a pinnu pé owó-orí ni a ó kọ́kọ́ yọ nínú owó ayálégbé, kí ẹnikẹ́ni tó mú ìpín tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń san án sí àkáǹtì ìjọba, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Màmá ń tọ́jú rìsíìtì.

Orúkọ bàbá ni a ní kí wọ́n máa kọ sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tó ń san owó-orí ti sọ pé òun ló ni ilé. Rìsíìtì fi hàn pé a san gbèsè. Kò sọ ẹni tó san án di onílé. Ẹ bá àwọn ọmọ ìyá yín sọ ọ́ nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè.