Gbígbó, Bíbàjẹ́ àti Kíkọjá Àsìkò: Ìgbà wo ni ó Yẹ Kí á Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Afàṣẹránṣẹ́?

Olùtúmọ̀ tí ó bá ń yí ìwé ìlò ẹ̀rọ padà sí èdè Yorùbá kò ní í pẹ́ kí ó tó bá ìbéèrè yìí pàdé: lẹ́yìn ọdún mélòó ni ó yẹ kí á pààrọ̀ ẹ̀rọ? Ìdáhùn rẹ̀ sinmi lé irú ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ bá yàn. Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn kedere ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ òfurufú kékeré, èyí tí kì í gbé ènìyàn. Ẹni tí ó ń fò ó dúró lórí pápá, ó di ẹ̀rọ náà mú lọ́wọ́, ó sì ń fi ìgbì rédíò pàṣẹ fún un. Bí àṣẹ bá já lójú ọ̀run, ọkọ̀ di òkò.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni ó kọ́kọ́ yẹ fún àyẹ̀wò. ‘Agbóhùnsáfẹ́fẹ́’ kò bá a mu, nítorí kì í gbé ohùn kankan. ‘Asọ̀rọ̀mágbèsì’ náà kò ṣe é lò, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tuntun ń gba èsì láti inú ọkọ̀ nípa bí agbára bátìrì rẹ̀ ti kù sí. Àṣẹ ni ó ń rán, gẹ́gẹ́ bí Nikola Tesla ti fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan hàn ní New York ní ọdún 1898, àti bí Walter àti William Good, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ti fo ọkọ̀ òfurufú wọn, ‘Guff’, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937. Nítorí náà ‘afàṣẹránṣẹ́’ ni ó yẹ ẹ́. ‘Agbàṣẹ’ sì ni èkejì rẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀.

Ohun tí ó ń gbó nínú afàṣẹránṣẹ́ ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Bátìrì ń gbó: ọ̀pọ̀ afòkọ̀ a máa wọn ìwọ̀n iná tí ó lè gbà dúró lọ́dọọdún, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí irin ti ń ha kábọ́ọ̀nù lábẹ́ ọ̀pá ìdarí náà ń jẹ; bí ó bá jẹ tán, ìyẹ́ ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ kò mì. Èyí kò ní kí á sọ odidi ẹ̀rọ nù.

Bíbàjẹ́ yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ó já bọ́ tàbí tí omi wọ̀ lè bàjẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ tuntun. Ìdí nìyí tí àwọn afòkọ̀ fi ń dín agbára ìgbì kù kí wọ́n tó fò, tí wọn a rìn jìnnà sí ọkọ̀ ní nǹkan bí 30 ìṣísẹ̀, tí wọn a sì wò ó bóyá ó ṣì ń gbọ́ àṣẹ. Ẹ̀rọ tí kò bá yege kò gbọdọ̀ fo ọkọ̀ títí a ó fi tún un ṣe.

Kíkọjá àsìkò ni ẹ̀kẹta. Ara ẹ̀rọ lè le koko, kí òfin ìgbì sì yí padà. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1991, àwọn ipa ìgbì tí ó wà ní agbègbè 72 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí 20 kílóhẹ́ẹ̀sì péré fi wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí ipa aládùúgbò. Afòkọ̀ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ já ọkọ̀ ẹlòmíràn lulẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbó, kò sì bàjẹ́, síbẹ̀ ó ní láti kúrò lórí pápá. Àwọn ẹ̀rọ 2.4 gígáhẹ́ẹ̀sì, tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2006, mú ọ̀nà mìíràn wá: agbàṣẹ kọ̀ọ̀kan mọ afàṣẹránṣẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn nìkan kò sọ ẹ̀rọ 72 tí ó bá òfin mu di èèwọ̀.

Nítorí náà kò sí iye ọdún kan pàtó. Ìwé ìlò tí ó bá kàn sọ pé ‘pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá gbó’ ti da ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀: ẹnìkan á sọ ẹ̀rọ rere nù, ẹlòmíràn á sì fi èyí tí kò dára fò lórí àwọn ènìyàn. Ohun tí ó bá gbó, kí á pààrọ̀ ẹ̀yà rẹ̀. Ohun tí ó bá bàjẹ́, kí á tún un ṣe. Ohun tí ó bá kọjá àsìkò, kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ olùtúmọ̀ ni ó kù sí láti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀.