Òkè Slane àti Ilé Opó Kan

Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó ilé wa ọ̀wọ́n, bí a bá bi yín léèrè pé kí ni ó ń sọ ilé di ilé, kí ni ẹ ó wí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dárúkọ àga tìmùtìmù, aṣọ fèrèsé aláràbarà àti àwo tí a kì í gbé jáde àfi bí àlejò bá dé. A kò sọ pé nǹkan wọ̀nyí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé abúlé kan ní ilẹ̀ Áyálándì, kí a wo àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀, kí a sì ṣe ìdájọ́ fúnra wa.

Slane ni orúkọ abúlé náà. Àríwá Dublin, olú ìlú Áyálándì, ni ó wà, létí odò Boyne. Òkè kékeré kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tí koríko tútù bò. Gíga òkè náà kò ju 158 mítà lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ àyíká rẹ̀ tẹ́jú, ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ a máa rí ọ̀nà jíjìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé níbẹ̀ ni Patrick Mímọ́ ti dá iná Àjíǹde ní ọdún 433, nígbà tí ọba ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iná kí a tó rí iná ti ọba lórí òkè Tara. Patrick kan náà yìí ni ìjọ Àgùdà fi ṣe ẹni mímọ́ alágbàwí fún Nàìjíríà ní 1961. Lónìí, àwókù ilé ìjọsìn àti ti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 1512, ni ó kù lórí òkè náà.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, tí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó rí ilé ńlá olódi ti ìdílé Conyngham létí odò. Láti 1981 ni wọ́n ti ń pe àwọn olórin ńláńlá wá ṣeré nínú ọgbà rẹ̀, èrò tí ó sì ń wá a máa tó 80,000. Ní 1991, iná jó apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi tún un ṣe, tí wọ́n fi tún ṣí i ní 2001. Ilé tí ó gbayì ni, kò sí àní-àní.

Ní oríta àárín abúlé, ilé òkúta mẹ́rin alájà mẹ́ta dojú kọ ara wọn. Wọ́n jọra bí ìbejì. Àwọn ènìyàn a máa sọ fún àlejò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin, obìnrin, ni ó ni wọ́n. Wọn kò rẹ́ rárá, nítorí náà ni olúkúlùkù fi kọ́ tirẹ̀ sí igun kan, kí ó lè máa ṣọ́ àwọn yòókù láti ojú fèrèsé. Ìtàn lásán ni. Ìdílé Conyngham tí ó ni ilẹ̀ náà ni ó to abúlé bẹ́ẹ̀ láàrin 1700 sí 1800. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Ilé tí aya ẹ̀gbọ́n ti ń ka ẹran inú ìkòkò aya àbúrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn má bi í pé ta ni ó ń rín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Drogheda. Kò ní pẹ́ tí a ó fi kan ilé kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n kọ́ fún àwọn alágbàṣe oko. Níbẹ̀ ni Patrick Ledwidge àti Anne aya rẹ̀ gbé. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Ìkẹjọ nínú wọn ni Francis, tí wọ́n bí ní 1887. Kò ju ọmọ bí ọdún márùn-ún lọ nígbà tí baba wọn kú. Anne kò jókòó ti òkú. Ó ń ṣe alágbàṣe nínú oko olóko kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí Francis di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun náà fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ oko.

Lẹ́yìn náà, a fi í sẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Dublin. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àárò ilé sọ ọ́, ó kọ ewì kan nípa abúlé rẹ̀, ó sì dìde ní òru ọjọ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 50 kìlómítà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

Ọmọ yìí tún ọ̀nà ṣe, ó wa kùsà bàbà, ó sì di akéwì tí Áyálándì kò gbàgbé. Pápá, ẹyẹ àti ìyá rẹ̀ ni ó kún inú ewì rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1914, ọta sì pa á ní Bẹ́ljíọ̀m ní July 31, 1917, níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni. Ní 1982, wọ́n sọ ilé opó náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀yin ìyá, èwo nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ẹ ó yàn? A kò ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn òṣì. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ara ti ń tu ẹni tí ó bá ti oko dé. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, tàbí lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Bí ọmọ yín bá kan ilẹ̀kùn lóru òní, tí ó ní òun kò lè padà síbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ wo ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébú. Ẹ fún un ní omi, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Ó lè jẹ́ pé ìyà ni ó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àárò lásán ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àyè ìbáwí àti ìmọ̀ràn yóò wà.

Ọmọ kì í rin òru nítorí àga tìmùtìmù. Nítorí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn ni ó ṣe ń rìn. Kí Elédùmarè jẹ́ kí ilẹ̀kùn wa jẹ́ irú èyí tí ọmọ kì í bẹ̀rù láti kàn.