Ìmọ̀ràn pọ̀ lórí òwò ìgbín, ṣùgbọ́n ta ló yẹ kí oníṣòwò gbọ́ tiẹ̀?

Bí oníṣòwò kékeré bá pàdánù owó lórí iṣẹ́ tuntun kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló fà á. Ìmọ̀ràn tó gbà ló fà á. Ẹnì kan tí kò rí rí, tí kò sì mọ ilé rẹ̀, ló sọ fún un lórí fóònù pé òwò kan wà tó ń mówó wọlé bí omi. Ó gbọ́, ó yá owó ẹgbẹ́ kún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ lé e. Nígbà tí nǹkan yíwọ́, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn kò sí nítòsí láti bá a san gbèsè.

Èyí kò ní kí èèyàn máa di etí sí ìmọ̀ràn. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ni bó ṣe lè wọn ìmọ̀ràn wò kó tó náwó lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká fi òwò ìgbín sínsìn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìmọ̀ràn tó wà lórí rẹ̀ lóde òní pọ̀ ju ìgbín fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dàyọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkè yí ìlú náà ká, igbó wà, omi wà, ìṣàn omi Ayikunnugba tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta sì wà nítòsí. Kòkó, obì, ọ̀pẹ, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Irú ilẹ̀ tí ìgbín fẹ́ràn nìyẹn, tí èèyàn ti máa ń ṣa ìgbín nínú oko láìsin ín. Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ pé kó máa sin ìgbín tà, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàjèjì sí i. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kó ṣọ́ra, torí pé ohun tí ojú wa bá ti mọ́ la máa ń tètè gbà gbọ́.

Ẹni mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀? Lórí òwò bíi ti ìgbín, ẹni mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ ohùn wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn bákan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó kàn fẹ́ràn ìgbín. Ní ìlú òyìnbó, pàápàá ní Bìrìtìkó, àwọn kan wà tó ń sin ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà sínú àpótí onígíláàsì nínú ilé, bí ẹlòmíràn ṣe ń sin ajá tàbí ológbò. Wọn kì í pa á jẹ, wọn kì í sì í tà á fún ọlọ́bẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ ìgbín dáadáa. Ó mọ ewé tó fẹ́, ó mọ̀ pé bí kò bá rí èròjà inú èèpo ẹyin tàbí eegun jẹ, ìkarahun rẹ̀ yóò máa fọ́. Lórí ìtọ́jú ìgbín, ẹ lè gbọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan iye tí ìgbín máa ń jẹ títí yóò fi dé ọjà, iye tí ọkọ̀ ń gbà àti iye tí aláta yóò dá lé e, kò mọ nǹkan kan, nítorí kò fìgbà kan rò ó rí.

Ẹnì kejì ni ẹni tó ń fi í jẹun. Ẹni yìí mọ èrè, ó sì mọ àdánù. Ó mọ oṣù tí ìgbín ń wọ́n àti oṣù tó ń pọ̀ lọ́jà. Àléébù tiẹ̀ ni pé ohun tó ṣe ní àyíká tirẹ̀ ló mọ̀, ó sì lè rò pé bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo.

Ẹnì kẹta ni ẹni tó ń ta ìgbín tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń gbowó láti kọ́ èèyàn níṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni òpùrọ́. Ṣùgbọ́n èrè tiẹ̀ ti wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó fún un, yálà ìgbín yín yè tàbí ó kú. Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè yìí: bí mo bá ṣe ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí wí, tó sì bàjẹ́, kí ni òun yóò pàdánù? Bó bá jẹ́ pé kò ní pàdánù kọ́bọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn tí kò ní nǹkan láti tà fún yín, kí ẹ bi òun náà.

Àwọn ohun tó ń tú àṣírí aláìmọ̀kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ lè fi dán ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá wò. Bó bá ní kí ẹ ra akọ ìgbín àti abo ìgbín, ẹ tètè fi í sílẹ̀. Ìgbín kò ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì sin ìgbín, àfi bó bá mọ̀ ọ́n tó ń fi jẹ yín.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni ìṣirò ẹyin. Wọ́n á ní ìgbín kan ń yé ẹyin 200, pé bí ẹ bá ra 100, ẹ ó ní 20,000 ọmọ ìgbín. Irọ́ kọ́ ni pé irú ìgbín kan wà tó ń yé tó bẹ́ẹ̀: èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Achatina achatina lè yé 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n Archachatina marginata, ìgbín ńlá tó wọ́pọ̀ nínú igbó àti oko ilẹ̀ Yorùbá, ẹyin 4 sí 18 péré ló sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹyin tiẹ̀ tóbi.

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe. Ká ní ìgbín 100 yín yé ẹyin 10-10, ìyẹn 1,000. Ká tún ní ìdajì kò pa tàbí kò yè, ó ku 500. Ẹni tó bá ti kọ́lé ìgbín fún 20,000, tó sì ti gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ oníbàárà, ìdá kan nínú ogójì ohun tó ń retí ló máa rí. Ká tiẹ̀ ní wọ́n yé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ìṣirò náà kò ní dé ibi tí wọ́n gbé e dé. Ẹ má sì gbàgbé pé ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìgbín tó tóbi tó èyí tí èèyàn ń fi yangàn lọ́jà, gbogbo àkókò náà ló sì ń jẹun.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà

Ìmọ̀ràn lè jẹ́ òótọ́ níbì kan kó jẹ́ àṣìṣe níbòmíràn. Ẹni tó ń sin ìgbín ní Port Harcourt, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, lè ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí omi wíwọ́n. Òótọ́ rẹ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ìlá, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni òjò ti ń dá, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ ní ìparí ọdún. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìgbín á wọ inú ìkarahun rẹ̀, á dí ẹnu rẹ̀, kò ní jẹun, kò sì ní dàgbà. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn ará Port Harcourt láìwọ́n omi lérùn yóò rí i pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ará London tó ní kí ẹ ra ẹ̀rọ amúlé-móoru. Òtútù ibẹ̀ ló ń bá jà.

Òfin náà kò rí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kò fọwọ́ sí i kí èèyàn sin irú àwọn ìgbín ńlá yìí rárá. Lọ́dún 2011 ni wọ́n rí irú kan tó ti ìlà-oòrùn Áfíríkà wá ní agbègbè Miami ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣa á pa, 2021 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán, ó sì tún yọjú níbòmíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà ní 2022. Ohun tó jẹ́ ọbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ajẹnirun ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń rò pé òun yóò máa fi ìgbín òòyẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí ní Amẹ́ríkà nítorí pé ẹnì kan ní ọjà wà níbẹ̀, ẹjọ́ ló ń rà.

Ẹni tó kùnà kì í padà wá ròyìn

Ohun mìíràn wà tí a kì í fọkàn sí. Bí èèyàn 50 bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, tí 5 rí ṣe, àwọn 5 yẹn ni ẹ ó máa gbọ́ ohùn wọn. Àwọn 45 tó kù ti tìlẹ̀kùn, ojú sì ń tì wọ́n. Nítorí náà, bí gbogbo ẹnu bá ń sọ pé iṣẹ́ kan dára, ẹ wá ẹni tó ti fi í sílẹ̀ kí ẹ bi í ní ìdí. Wákàtí kan lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba owó ọdún kan sílẹ̀ fún yín.

Àwọn ará Kenya kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹyin quail, ẹyẹ kékeré kan tó fara jọ àparò. Ní 2013, ariwo gba ìlú pé ẹyin rẹ̀ ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oríṣiríṣi àìsàn. Owó ẹyin náà fò sókè ju ti adìẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó níbẹ̀, wọ́n sì ra ẹyẹ. Nígbà tí yóò fi di 2014, ẹyin ti pọ̀ ju ẹnu lọ, owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn tó wọlé gbẹ̀yìn ló jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹyẹ náà kò níṣòro. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ń sin ín ló ń ra èyí tí ẹlòmíràn ń sin, kó tó di pé wọ́n wo ẹ̀yìn tí wọn kò rí oníbàárà gidi.

Kí ni àṣìṣe máa ná wa?

Kò sí ẹni tó lè wádìí gbogbo ìmọ̀ràn. Ọ̀nà tó rọrùn ni láti bi ara wa pé: bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ irọ́, kí ni máa pàdánù?

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ èèpo ẹyin fún ìgbín, ẹ dán an wò lónìí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò náni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìgbín, ẹ bi ẹni méjì sí mẹ́ta tó ti kọ́ ọ, kí ẹ sì lọ fojú ara yín rí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan oògùn olóró, òfin tàbí owó yíyá, ẹ má gba ẹnu lásán gbọ́, ẹnu ì báà dùn bí oyin.

Àwọn oníṣòwò ẹ̀wà mọ ohun tí a ń sọ. Ẹnìkan sọ fún ẹnìkan pé oògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tó wà nínú Sniper, ló ń lé kòkòrò nínú ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ náà sì ràn kálẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Lóòótọ́, ó ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n oògùn náà tí wọ́n fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6, ìyẹn ìlọ́po 460. Ní 2016 wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún òfin náà. Ní 2019, NAFDAC náà gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí títa ìgò Sniper kékeré oní mílílítà 100 káàkiri ọjà. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn kò ní in lọ́kàn láti ba ọjà jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo olówò ẹ̀wà ló jìyà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó dára wà. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin, ibi tí kò jìnnà sí àwa ará Ìgbómìnà. Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1948. Àpò oníjóòkó mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ wà lọ́jà. Bí a bá dì í dáadáa, kòkòrò inú ẹ̀wà á kú fún àìrí afẹ́fẹ́ mí, láìsí oògùn kankan.

Ibi tí ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀

Fún ẹni tó fẹ́ sin ìgbín ní Òkè-Ìlá, Ìlá Ọ̀ràngún àti àyíká wọn, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ OSSADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ fi ohun tí wọ́n bá sọ wé ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ ẹranko kó má mọ ọjà. Níbi tí ohùn àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ẹ fọkàn balẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìgbín 20 bẹ̀rẹ̀ dípò 1,000. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí wọn. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ná sínú ìwé: oúnjẹ, omi, èyí tó kú, èyí tí ẹ tà. Bí ọdún kan bá pé, ìwé yẹn á sọ fún yín bóyá kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ jáwọ́.

Ẹni tó bá ní bí ẹ kò bá kówó sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ànfààní ti bọ́ nìyẹn, ẹ sọ fún un pé kó máa lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó dára lọ́sẹ̀ yìí á ṣì dára lọ́dún tó ń bọ̀.