Egungun Ni Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Ń Gbé

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àga, nítorí ìwúwo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dà gbé apá kan, ọwọ́ gbé apá kan, èyí tó kù ló wá sórí ìjókòó. Egungun ìdí ló yẹ kó gba ìyókù yìí, ìyẹn kókó egungun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí, tí ẹni tó bá jókòó lórí pákó lásán máa ń mọ̀ lára. Àárín kókó méjèèjì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gbà dé ojú ara, bí ìjókòó bá sì ń tẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ á kú, kò ní mọ nǹkan lára mọ́.

Èyí ló fà á tí ìjókòó tó rọ̀ jù fi ń tan olùrajà jẹ. Egungun á rì sínú fóòmù tó nípọn, fóòmù àárín á sì wú sókè, á máa tẹ ibi rírọ̀ gan-an tí kò yẹ kó fara kàn. John Boultbee Brooks, oníṣòwò awọ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó béèrè ní 1882 fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìjókòó aláwọ, ìyẹn àṣẹ ìjọba pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgbàyè. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ́ awọ líle tí wọ́n nà láti iwájú dé ẹ̀yìn lórí irin, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo bí ojú ìlù, tó sì máa ń jó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí egungun olówó rẹ̀ bá ń gúnlẹ̀ sí, títí yóò fi bá ìdí ẹni yẹn nìkan mu (ẹni tó bá yá kẹ̀kẹ́ náà lò kò ní gbádùn rẹ̀). Bóòtù kan wà ní imú rẹ̀ tí wọ́n fi ń fa awọ tó bá dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yí i nígbà gbogbo ń ba awọ náà jẹ́ ni.

Síbẹ̀, ìjókòó tó dára jù lọ yóò ni ènìyàn lára bí gíga rẹ̀ kò bá tọ́. Tó bá ga jù, ìbàdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì, itan á sì bó. Tó bá rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kò ní gbé ìpín tirẹ̀, gbogbo ẹrù á wá sórí ìdí. Gíga tó tọ́ ni èyí tí ẹsẹ̀ fi nà tán nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà tó ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tí orúnkún á sì tẹ̀ díẹ̀ bí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ bá gba ipò gìgísẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń wo imú ìjókòó, tó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá yọ sókè, á gún ojú ara, bó bá sì tẹ̀ wálẹ̀ jù, ara á máa yọ̀ lọ síwájú, ọrùn ọwọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀.